Olórí Àáró Ló Ń Gbẹ̀yìn

Abà Ìdí-Àràbà,
Lẹ́yìn Olúpọ̀nnà, Ìwó.
17 oṣù Kẹta, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi Afọlábí, ọmọ Èṣùbíyìí, òyìnbó dúdú,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, ṣùgbọ́n orí àpótí ni mo wà, nítorí ilẹ̀ gbóná. Ṣé ara le? Ṣé òtútù ò tíì gé yín létí? Bàámi kí yín. Àwọn adìyẹ wa kí yín, àwọn tí ẹ mọ̀ àti àwọn tí a ti pa jẹ.

Kí ẹ tó bi mí pé kí ló dé tí mò ń kọ lẹ́tà bí ẹni ayé àtijọ́: fóònù tí ẹ fi ránṣẹ́ ti mumi nínú odò. Kò gbọ́rọ̀ mọ́, kò sì lè sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ nìkan ló kù. Nítorí náà, inú ìwé ni màá máa kọ ọ́ sí, màá ya fọ́tò rẹ̀, tí mo bá dé ọjà Odò-Orì ní Ìwó, màá fi ránṣẹ́ lórí Wasáàpù. Ẹ̀yin náà ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Lábà níbí, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò tíì gbọ́ orúkọ wa rí.

Ìròyìn dé o. Ọ̀rẹ́ yín Ọlábánjí, tí ẹ jọ kàwé níléèwé Onítẹ̀bọmi, ti kó ètò ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ tí ẹ bá wa tọrọ dé. Jíìpù rẹ̀ tóbi bíi ṣọ́ọ̀ṣì. Ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, a kí i, a dúró díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ wá tẹ̀ lé e. Okùn ló gbé dání, ó ta kókó sí i lára láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ní ibi tí kókó bá wà ni hóró àgbàdo gbọ́dọ̀ bọ́ sí. Mo ti sọ ọ́ ní Ọ̀gá Okùn. Gbogbo abà ló ń pè é bẹ́ẹ̀ báyìí, àfi Bàba Àmúdà, tó ń bẹ̀rù kí wọ́n má fún òun ní fìlà ètò. Wọ́n fún un. Ó dé e lé orí fìlà tó ti wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àgbàdo tí wọ́n kó wá pọ́n bí osùn. Wọ́n ní oògùn wà lára rẹ̀, a ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Ewúrẹ́ Bàba Àmúdà jẹ hóró kan, láti ìgbà náà Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń ké.

Òfin wọn nìyí: àgbàdo nìkan, kò sí ẹ̀gẹ́, kò sí ẹ̀gúsí láàárín rẹ̀. A ò gbọdọ̀ fín oògùn apakoríko, torí oko tí a fi ọwọ́ ro ni àwọn òyìnbó tó ni ètò fẹ́ rí. Gbogbo abà á gbìn lọ́sẹ̀ kan náà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀. Oko kálukú á ní pátákó tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí. Tó bá di oṣù Kẹfà, àwọn òyìnbó á wá wò ó, wọ́n á mú ẹni tí oko rẹ̀ dára jù.

Díákónì Adéyẹmọ gbàdúrà lé ajílẹ̀ tí wọ́n kó wá lórí, gbogbo wa ṣe àmín. Bàámi wá nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. Wọ́n ní, "Ọ̀gá, àáró wa ńkọ́?"

Ọ̀gá Okùn ní kí ló kan àáró níbẹ̀.

Bàámi ní, "Àwa márùn-ún la jọ ń ṣiṣẹ́ lábà yìí. A ro oko ẹnìkan lónìí, a ro ti ẹlòmíì lọ́túnla. Ohun tó jẹ́ kó rọrùn ni pé a kì í gbìn pọ̀. Bí koríko tèmi bá ń yọ, ti Àmúdà ṣì ń sùn. Ẹ wá ní ká gbìn pọ̀. Bí gbogbo ilé bá jó lọ́jọ́ kan náà, ta ni yóò bá ta paná?"

Ọ̀gá Okùn ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ iná kọ́ la wá sọ, ọ̀rọ̀ àgbàdo ni." Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Díákónì rẹ́rìn-ín jù. Bàámi jókòó.

Títí di ìsinsìnyí Bàámi ò tíì sọ pé àwọn á ṣe é, wọn ò sì sọ pé àwọn ò ṣe. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ tọrọ ètò, ẹ̀yin lẹ máa sọ ohun tí àwọn máa ṣe. Ẹ tètè fèsì kí òjò tó dé.

Èmi ni ẹni tó rẹwà jù ní Ìwó àti gbogbo agbègbè rẹ̀,
Ọ̀ṣúnkẹ́mi.


Kent, England.
29 oṣù Kẹta, 2025.

Ọ̀ṣúnkẹ́mi, àbúrò mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún Bàámi, Àlàó. Ìwọ náà, mo kí ọ. Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ. Oko sitirọ́bẹ́rì ni wọ́n fi mí sí. Ọ̀rá ni wọ́n fi bo gbogbo oko náà látòkè, ìlà rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan, ojú ò tó ìpẹ̀kun rẹ̀. Kò sí ẹ̀gúsí láàárín rẹ̀. Bí àgbẹ̀ ibí ṣe ń là nìyẹn.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ọ wí. Iyọ̀ inú lẹ́tà rẹ ti pọ̀ jù. Lọ́dún tó kọjá, o kọ ọ́ sí mi pé erè ti gbé Bàámi mì dé orúnkún. Inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbi iṣẹ́ ni mo ti ń sunkún títí wọ́n fi wá kan ilẹ̀kùn. Àṣé bàtà òjò tuntun ló fún wọn lẹ́sẹ̀! N kò tíì gbàgbé. Ọlábánjí kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ tí wàá máa sọ lórúkọ.

Ka eléyìí sí Bàámi létí bí mo ṣe kọ ọ́:

"Bàámi, ẹ gbìn ín. Mo bẹ Ọlábánjí títí kó tó gbà láti mú abà wa. Abà kan lọ́nà Kuta ni wọ́n ti fẹ́ mú. Orúkọ yín ni mo fi tọrọ. Mo sọ fún un pé bàbá mi ni àgbẹ̀ tó mọ ilẹ̀ jù ní gbogbo Ayédìre. Bí ẹ bá wá yọwọ́ báyìí, tàbí tí oko yín bá bàjẹ́ níbi tí ti àwọn tó kù ti dára, ojú á gbà mí tì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọwọ́. Ohun tó bá gbà ni kí ẹ fún un."

Ní ti àáró, sọ fún wọn pé ayé ti kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Afọlábí.


Abà Ìdí-Àràbà.
22 oṣù Kẹrin, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, ọba sitirọ́bẹ́rì,

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnira ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mi ò fi erè ṣeré mọ́.

A ti gbìn. Mo ka ọ̀rọ̀ yín sí Bàámi létí. Wọ́n ní kí n tún ibi tí ẹ ti ní àwọn mọ ilẹ̀ jù kà. Mo tún un kà. Wọ́n fi aṣọ nu ojú, wọ́n ní èéfín ni, bẹ́ẹ̀ a ò dáná. Wọ́n wá ní, "Àkànní ti fi mí yangàn. Bàbá tí ọmọ bá fi yangàn kì í padà lẹ́yìn." Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Àáró bẹ̀rẹ̀ láti oko Díákónì, ó bọ́ sí ti Bàba Àmúdà, ó bọ́ sí ti àwọn méjì yòókù. Nínú gbogbo oko wọ̀nyẹn, Bàámi ló ń na okùn, Bàámi ló ń gbẹ́ ilẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé Bàámi ni olórí àáró, olórí àáró ló sì ń gbẹ̀yìn. Bí obìnrin tó ń bu ọbẹ̀ fún ará ilé, tirẹ̀ ló ń bù kẹ́yìn. Nígbà tó wá kan tiwa, ọ̀sẹ̀ tí Ọ̀gá Okùn dá fún wa ti fẹ́ tán. Díákónì ní òun ní ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì. Bàba Àmúdà ní ẹ̀yìn ń dun òun, ẹ̀yìn kan náà tó fi gbé àpò ajílẹ̀ lọ sílé bí ẹni gbé ìyàwó. Àwọn méjì tó kù, mi ò rí wọn rárá. Èmi àti Bàámi la gbin tiwa. Mo bẹ̀rẹ̀ débi pé mo gbàgbé bí ojú ọ̀run ṣe rí.

Mo bú gbogbo wọn láti orí dé ẹsẹ̀. Bàámi ní, "Àbẹ̀kẹ́, panu ẹ mọ́. Àáró kì í sá fún àáró. Tó bá di ríro, wọ́n á wá."

Kí n má parọ́, àgbàdo náà dára. Ó yọ lẹ́ẹ̀kan náà, ó dọ́gba bí eyín ọmọdé. Láràárọ̀ ni Bàámi ń lọ dúró níwájú pátákó wọn. Wọn ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n á fi ìka tọ orúkọ náà lọ tọ̀ ọ́ bọ̀, bí ẹni ń fi ọwọ́ pa ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́.

Ohun kan wà tí mi ò ní fi iyọ̀ sí. Ìpá Bàámi ti ń yọ ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ pẹ́, ó máa ń wú síta, wọ́n á dùbúlẹ̀ sáàárín poro, wọ́n á fọwọ́ rọra tì í padà. Wọ́n ní kí n má sọ fún yín. Nítorí náà, mi ò sọ fún yín o.

Èmi ni tiyín, arẹwà tí ẹ̀yìn ń dùn,
Ọ̀ṣúnkẹ́mi.


Kent.
3 oṣù Karùn-ún, 2025.

Ọ̀ṣúnkẹ́mi,

Ẹ kú àmójúbà oko. Ọlábánjí fi fọ́tò oko Bàámi ránṣẹ́. Mo fi han gbogbo àwọn tí a jọ ń gbé yàrá. Ọmọ Nepal kan tó wà lórí ibùsùn òkè mi bi mí pé ṣé ilẹ̀ bàbá mi ni lóòótọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó pẹ́ tí mo ti ní nǹkan tí mo lè fi han ènìyàn.

Ìpá Bàámi ti wà lára wọn kí wọ́n tó bí mi. Kí wọ́n fi ọ̀já dì í. Àwọn òyìnbó ń bọ̀ ní oṣù Kẹfà. Kí wọ́n ṣe ọkàn gírí, ó kù díẹ̀. Èso ti ń pọ́n níbí, mo lè má tètè fèsì.

Afọlábí.


Abà Ìdí-Àràbà.
13 oṣù Karùn-ún, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín o. Ṣé ẹ ṣì ní ẹsẹ̀? Ṣé ẹ ṣì ní ọwọ́? Ẹ fi kọ̀wé sí wa.

Koríko ti dé. Ajílẹ̀ tí wọ́n ní àgbàdo ló ń jẹ, koríko ló jẹun jù nídìí rẹ̀. Láyé ẹ̀gúsí, ewé rẹ̀ ni í tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní, koríko ò ní rójú ọ̀run. Ní báyìí, koríko oko wa ga débi pé adìyẹ kan wọnú rẹ̀ ní Mọ́ńdè, ó jáde ní Fúráídè pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

Kì í ṣe oko wa nìkan. Oko gbogbo abà ni, lọ́sẹ̀ kan náà. Ohun tí Bàámi sọ lọ́jọ́ tí wọ́n fi wọ́n rẹ́rìn-ín nìyẹn.

Bàámi lọ pe àáró. Mo tẹ̀ lé wọn. Díákónì ò tilẹ̀ nàró, ó ń ro tirẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ wo pátákó yẹn. Orúkọ ta ló wà níbẹ̀?"

Bàámi ní, "Tìẹ ni."

"Tí oko yìí bá bàjẹ́, orúkọ ta ni òyìnbó máa kà?"

"Tìẹ ni, Adéyẹmọ. Mo kàn ní kí n rán ẹ létí pé èmi ni mo gbìn ín."

A dé ilé Bàba Àmúdà. Ràfíátù ọmọ rẹ̀ yọjú, ó ní, "Bàbá ní kí n sọ pé àwọn ò sí nílé." Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo wo ojú Bàámi. Wọ́n kọjú sí ògiri, wọ́n ní, "Àmúdà, mo kí ẹ o. Mo ń lọ." Àwọn méjì tó kù, a ò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Bàámi ní ẹsẹ̀ àwọn ti gbọ́.

Alágbàṣe ò sí. Àwọn Àgàtú tó máa ń wá, wọ́n ti gbà wọ́n tán títí dé Ilé-Ogbó, nítorí gbogbo ayé ló ń roko lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàámi ló wá ń ro ó. Mo ń bá wọn ro ó, ṣùgbọ́n oko náà fẹjú ju wa lọ. Ìpá ọ̀hún ti le. Tí wọ́n bá tì í, kì í tètè wọlé mọ́. Lánàá wọ́n ṣubú sáàárín poro, wọ́n bì. Mo ní ká lọ sí ọsibítù ní Ìwó, wọ́n ní lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó bá lọ. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí koríko jẹ oko náà, wọ́n ní, "Ẹni tó gbé ẹrù kà mí lórí ló máa sọ̀ ọ́."

Ẹ̀yin ni o. Ẹ kọ gbólóhùn kan péré: kí Bàámi fi oko sílẹ̀. Mi ò bèèrè bàtà, mi ò bèèrè fóònù. Gbólóhùn kan.

Ọ̀ṣúnkẹ́mi.


Abà Ìdí-Àràbà.
18 oṣù Karùn-ún, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́.

Ẹ ò fèsì. Mo sáré dé Ìwó, mo wo fóònù, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Mo wá hùwà kan. Mo jókòó sẹ́bàá Bàámi, mo gbé fóònù sójú, mo ń ka lẹ́tà tí ẹ ò kọ. Mo fi Àlàó kí wọn bí ẹ ṣe máa ń kí wọn. Mo ní ojú ò ní gbà yín tì. Mo ní ẹ ní kí wọ́n fi oko sílẹ̀, kí wọ́n lọ sí ọsibítù, kí wọ́n sinmi.

Bàámi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ìwọ lo kọ ọ́."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ ọ́!"

Wọ́n ní, "Àkànní ò ní kí n sinmi rí."

Wọ́n gbé ọkọ́, wọ́n jáde. Ẹ jọ̀ọ́. Kò sí iyọ̀ nínú èyí.

Ọ̀ṣúnkẹ́mi.


Kent.
19 oṣù Karùn-ún, 2025.

Ọ̀ṣúnkẹ́mi,

Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà? Lẹ́tà rẹ ti ọjọ́ kẹtàlá ni mò ń fèsì sí. Mo rí i pé o tún ti fi òmíràn ránṣẹ́. N kò tíì ṣí i. Mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn èyí kí o tó tún dá mi lágara.

Adìyẹ wọ koríko, ó jáde pẹ̀lú ọmọ. Nínú lẹ́tà kan náà, Bàámi ṣubú, wọ́n bì. Èwo ni kí n gbàgbọ́? Bàámi tí mo mọ̀ gbé igi ìrókò kúrò lójú ọ̀nà pẹ̀lú ìpá yẹn lára. Bí oko ríro bá sú ìwọ, sọ pé ó sú ọ. Má fi àìsàn Bàámi bojú. Ọlábánjí sọ fún mi pé oko Bàámi wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ fi han àwọn àlejò. Sọ fún wọn kí wọ́n fara dà á.

Afọlábí.


Kent.
20 oṣù Karùn-ún, 2025.

Kẹ́mi,

Mo ti ka èkejì. Jọ̀wọ́, má bínú. Ka eléyìí sí Bàámi lójú ẹsẹ̀:

"Bàámi mi, Àlàó, èmi Àkànní ni mò ń sọ̀rọ̀. Ẹ fi oko náà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí koríko jẹ ẹ́. Ojú kankan ò tì mí. Ẹ lọ sí ọsibítù lónìí, kí ẹ sinmi."

Kẹ́mi, n kò sọ òótọ́ ibí fún yín rí. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè wá, kálukú ní ìlà tirẹ̀. Láàárọ̀ yìí, ọmọ Nepal tí mo sọ fún ọ ṣubú sínú ìlà tirẹ̀. Mo lọ gbé e. Ọ̀gá wa ní kí n padà sí ìlà mi. Mo padà. Mo ń ká èso, mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Nígbà tí wọ́n dá wa sílẹ̀ fún oúnjẹ ni mo ṣí lẹ́tà rẹ.

Mo ti ń pe Ọlábánjí, kò gbé e, wọ́n ní ó lọ sí ìpàdé ní Òṣogbo. Dákun, bí o bá ti rí èyí, sáré.

Afọlábí.


Abà Ìdí-Àràbà.
1 oṣù Kẹfà, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi Afọlábí,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ilẹ̀ ni mo kúnlẹ̀ sí lónìí.

Mo mọ̀ pé Ọlábánjí ti pè yín. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kọkànlélógún oṣù tó kọjá, ìpá náà yọ, kò wọlé mọ́. Ikùn Bàámi le bí pákó. Mo kígbe, Bàba Àmúdà ló kọ́kọ́ sáré dé. Orí ọ̀kadà rẹ̀ la gbé wọn sí, èmi ni mo jókòó sẹ́yìn, mo fi àyà gbé wọn dúró. Nígbà tí a wọ Ìwó, fóònù mi tàn. Lẹ́tà yín méjèèjì wọlé pọ̀.

Dókítà ní ìfun ti lọ́ pọ̀ nínú ìpá, apá kan ti kú, àwọn máa ṣe iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n a pẹ́. Bí a ṣe ń dúró kí wọ́n gbé wọn wọlé, mo ka èkejì sí wọn létí. Mo fò ti àkọ́kọ́. Mo kà á bí ẹ ṣe kọ ọ́, mi ò fi nǹkan kan kún un.

Bàámi la ojú. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, o tún ti bẹ̀rẹ̀."

Mo gbé fóònù sí wọn lójú. Wọn ò mọ̀wé. Mo fi Ọ̀ṣun búra. Wọ́n ní, "Ó dáa, mo ti gbọ́," bí wọ́n ṣe máa ń sọ fún mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Àwọn nọ́ọ̀sì gbé wọn wọlé. Bàámi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ̀yìn ilé la sin wọ́n sí. Àáró pé. Díákónì mú ọkọ́ rẹ̀ wá, Bàba Àmúdà mú tirẹ̀ wá, àwọn méjì tó kù náà wá. Ilẹ̀ ibẹ̀ le, òkúta kún un. Ẹnìkan á gbẹ́ títí, á bọ́ sókè, òmíràn á wọlé, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó ní ìpàdé. Kò sẹ́ni tí ẹ̀yìn dùn. Nígbà tí wọ́n parí, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Àáró Bàámi ti pé." Díákónì fi fìlà ètò rẹ̀ bojú.

Ọlábánjí wá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú aṣọ funfun, ó sunkún títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. Mi ò ní pè é ní Ọ̀gá Okùn mọ́.

Lánàá, àwọn ará àáró pè mí, wọ́n ní ta ló máa gba ọkọ́ Bàámi nínú àáró. Mo ní èmi. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n ní kò burú. Mo ní oko tiwa la ó ti bẹ̀rẹ̀. Díákónì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Ọmọ mi, olórí àáró ló ń gbẹ̀yìn."

Mo ní, "Bàbá, olórí tó gbẹ̀yìn lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sin yẹn."

Wọ́n gbà. Ọ̀la la ó bẹ̀rẹ̀, láti ìdí pátákó Bàámi.

Ẹ má fi ohunkóhun ránṣẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá gbà fún yín kí ẹ wá ni kí ẹ wá. Tí ẹ bá dé, ẹ má tíì wọlé. Ẹ kọ́kọ́ yà sẹ́yìn ilé, kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún Bàámi pé kí wọ́n sinmi. Wọn ò gba tèmi gbọ́.

Ọ̀ṣúnkẹ́mi.